Mehboob Khan: Ẹni Tí Kò Kàwé Tó Fi Sinimá Kọ́ Ayé Lẹ́kọ̀ọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣe àtẹ̀gùn gun orí ọ̀rọ̀ tí mo ní í bá ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa sọ lọ́dún yìí. Ó ti mọ́ wa lára láti máa kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn èèyàn jàǹkàn-jàǹkàn tó jẹ́ ọmọ Yorùbá: àwọn jagunjagun, àwọn ọba, àwọn oníwàásù àti àwọn òǹkọ̀wé. Iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Ọmọ ilẹ̀ Íńdíà ni. Mehboob Khan ni orúkọ rẹ̀, òun ló sì darí fíìmù tí wọ́n ń pè ní Mother India, èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa mọ̀ bí ẹní mowó.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú yín bèèrè pé kí ló kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ sinimá àwọn ará Íńdíà. Ìdáhùn mi kò le. Láti àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá ni àwọn oníṣòwò ará Lẹ́bánónì tó ni ilé sinimá ti ń kó fíìmù Íńdíà wọ Nàìjíríà. Àwọn èèyàn wò ó ní Èkó, wọ́n wò ó ní Ìbàdàn. Àwọn ará Kánò tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ débi pé àwọn olórin Haúsá kan mú ohùn orin inú fíìmù wọ̀nyí, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ tiwọn sí i. Púpọ̀ nínú àwọn tó sanwó wọlé kò gbọ́ èdè Híńdì rárá, ọ̀pọ̀ wọn kò sì lè ka Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, wọ́n mọ ẹni tó jẹbi, wọ́n mọ ẹni tí ìyà ń jẹ, omijé sì ń bọ́ lójú wọn níbi tó yẹ kó ti bọ́. Báwo ni irú nǹkan báyìí ṣe lè ṣẹlẹ̀? Èrò tèmi ni pé ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìgbésí ayé ẹni tó ṣe fíìmù náà, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kò kàwé tó nǹkan.

Ìbí Rẹ̀ àti Ìgbà Èwe Rẹ̀

Ọdún 1907 ni wọ́n bí Mehboob Khan ní Bilimora, ìlú kékeré kan ní Gujarat, ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Íńdíà. Abẹ́ ọba Baroda ni ìlú náà wà nígbà yẹn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì jẹ́ ọ̀gá lórí gbogbo àwọn ọba ilẹ̀ náà. Ìdílé Mùsùlùmí ni wọ́n bí i sí, wọn kì í sì í ṣe olówó. Ilé-ìwé kò rí i gbà tó bó ṣe yẹ. Títí tó fi dàgbà, tó fi di ọ̀gá, tó fi di ẹni tí àwọn ìjòyè ìlú ń kí, díẹ̀ ni ohun tó lè kà, díẹ̀ náà sì ni ohun tó lè kọ. Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun ni a ó máa padà bá.

Ìgbà tó wà ní ọ̀dọ́ ló kọrí sí Bombay, ìlú ńlá etí òkun tí à ń pè ní Mumbai lónìí. Iṣẹ́ sinimá ló ń wá lọ. Sinimá ìgbà náà kò tíì máa sọ̀rọ̀. Àwòrán lásán ni, tí àwọn onílù àti olórin máa ń jókòó síwájú rẹ̀ láti dá àwọn èèyàn lára yá. Mehboob ríṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Imperial Film Company, èyí tí Ardeshir Irani dá sílẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ tó ní láárí. Ọ̀kan lára èrò ẹ̀yìn ni, àwọn tí kámẹ́rà máa ń fò lójú wọn kọjá láìdúró. Ní ọdún 1927, wọ́n fi í ṣe ọ̀kan lára àwọn ogójì olè nínú fíìmù Alibaba. Gbogbo wa la mọ ìtàn náà: inú ìkòkò ni àwọn olè wọ̀nyí sá pamọ́ sí. Ẹ̀yin náà ẹ wo òṣèré tó jẹ́ pé inú ìkòkò ni wọ́n ti ní kó wá ṣeré!

Nígbà tó di ọdún 1931, ilé-iṣẹ́ Imperial yìí kan náà ṣe Alam Ara, fíìmù àkọ́kọ́ tó sọ̀rọ̀ ní ilẹ̀ Íńdíà. Wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ Mehboob pé kó ṣe olú-ẹ̀dá-ìtàn ọkùnrin inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti lókìkí ni ọjà máa ń fẹ́. Wọ́n gba ipò náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi í fún Master Vithal, òṣèré tí gbogbo èèyàn ti mọ̀. Ẹlòmíràn ìbá dìde lọ sílé. Mehboob kò lọ. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń pè ní Sagar Movietone, ó ń ṣeré níbẹ̀, ó sì ń fojú sí bí àwọn ọ̀gá ṣe ń darí iṣẹ́.

Bó Ṣe Di Olùdarí

Ní ọdún 1935, Sagar fún un láyè láti darí fíìmù tirẹ̀ àkọ́kọ́, Al Hilal. Iṣẹ́ náà yọrí sí rere, láti ọjọ́ náà kò sì padà wọ inú ìkòkò mọ́.

Ẹ ó bi mí pé báwo ni ẹni tí kò kàwé ṣe lè darí fíìmù. Àwọn tó mọ̀wé kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré fún un. Ní ti Mother India, Wajahat Mirza àti S. Ali Raza ni wọ́n kọ ọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti fetí gbọ́ ọ, kó sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọra àti ibi tí kò ti wọra. Kò yẹ kí èyí ya àwa lẹ́nu. Àwa tí à ń kọ́ nípa ìjálá àti ẹsẹ Ifá mọ̀ pé kì í ṣe lójú ìwé ni àwọn àgbà ti kọ́ wọn. Etí ni wọ́n fi gbà á, orí ni wọ́n fi pa á mọ́. Mehboob sì mọ bí a ti í mú ènìyàn mọ́ra. Faredoon Irani ló ń bá a ya àwòrán láti fíìmù dé fíìmù, Naushad ló sì ṣe orin púpọ̀ nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀ tó lókìkí jù lọ.

Ní ọdún 1940 ló ṣe Aurat, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ Obìnrin. Ìtàn ìyá kan ní abúlé ni, ẹni tí òṣì àti olówó èlé ń bá fínra. Sardar Akhtar ló ṣe ìyá náà, Mehboob sì fi òṣèrébìnrin yìí ṣe aya ní ọdún 1942. Ọdún yẹn kan náà ni Roti jáde, ìyẹn fíìmù tó sọ̀rọ̀ sí àwọn tó ń kó ọrọ̀ jọ nígbà tí ebi ń pa ọmọnìkejì wọn. Nínú rẹ̀, wúrà ń bẹ lọ́wọ́ ọlọ́rọ̀ nínú aṣálẹ̀, ṣùgbọ́n wúrà kò ṣeé mu nígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ ènìyàn.

Ní ọdún 1943, Mehboob dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Òòlù àti dòjé ló fi ṣe àmì rẹ̀, àmì àwọn òṣìṣẹ́ àti àgbẹ̀. Kò jọ mí lójú pé ọ̀rọ̀ òṣèlú nìkan ló wà nídìí àmì náà. Ẹni tó ti ṣe èrò ẹ̀yìn rí mọ iye ọwọ́ tó ń gbé iṣẹ́ kan ró kí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tó hàn.

Anmol Ghadi tẹ̀ lé e ní ọdún 1946, orin inú rẹ̀ sì gba ìgboro kan. Ọdún kan lẹ́yìn èyí ni wọ́n pín Íńdíà sí méjì. Àìmọye ènìyàn ló sá kúrò nílé, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn. Noor Jehan, tó ṣeré tó sì kọrin nínú Anmol Ghadi, lọ sí Pakistan. Mehboob, tó jẹ́ Mùsùlùmí, fi Bombay ṣe ibùgbé. Ibẹ̀ ló ti ṣe Andaz ní ọdún 1949 pẹ̀lú Nargis, Dilip Kumar àti Raj Kapoor, àti Aan ní ọdún 1952, ọ̀kan lára àwọn fíìmù aláwọ̀ mèremère tó ṣáájú ní ilẹ̀ náà, tí wọ́n sì gbé dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1954, ó kọ́ ilé tí wọ́n ti ń ya fíìmù sí Bandra ní Bombay, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é.

Mother India

Gbogbo èyí tí mo ti ń sọ bọ̀, ọ̀nà tó lọ sí Mother India ni. Ìtàn Aurat náà ni Mehboob padà sí lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógún, ó sọ ọ́ di ńlá. Orúkọ tó fún un ní ìdí. Ní ọdún 1927, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Katherine Mayo, kọ ìwé kan tó pè ní Mother India, ó sì fi bu àwọn ará Íńdíà, pàápàá lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe sí obìnrin. Ìwé náà dun àwọn ará Íńdíà dé egungun. Mehboob, ẹni tí ìwé kíkà kò rọ̀ lọ́rùn, mú orúkọ ìwé yẹn, ó sì fi àwòrán dá a lóhùn.

Ìtàn náà lọ báyìí. Radha, tí Nargis ṣe, di ìyàwó Shamu ní abúlé kan. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti yá rupee 500 lọ́wọ́ Sukhilala, olówó èlé, kí ó lè fi ṣe ìgbéyàwó náà kó lárinrin. Ìjà dé lórí àdéhùn. Àwọn àgbà abúlé jókòó, wọ́n dá ẹjọ́ náà fún olówó. Ó di pé kí ìdílé Radha máa fún Sukhilala ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin irè oko wọn, èlé nìkan sì nìyẹn. Owó gan-an dúró síbẹ̀ láìdín. Ọmọ Yorùbá tó bá ti gbọ́ nípa ìwọ̀fà láyé àtijọ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ èyí fún un. Ìwọ̀fà ń ṣiṣẹ́ olówó lọ, iṣẹ́ náà dúró fún èlé, kò sì mú kọ́bọ̀ kúrò nínú gbèsè.

Shamu gbìyànjú láti tú ilẹ̀ olókùúta kan kí wọ́n lè rí oko kún oko. Àpáta wó lé e ní ọwọ́ méjèèjì, ó di aláìlápá. Ojú tì í láti máa jẹun lọ́wọ́ ìyàwó, Sukhilala sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lóru ọjọ́ kan, ó dìde kúrò nílé, kò padà mọ́. Ìyá ọkọ kú. Àgbàrá wá gbé oko lọ, ọmọ ọwọ́ sì kú. Olówó fi oúnjẹ lọ Radha kó lè fi ara rẹ̀ fún òun. Radha kọ̀. Òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ tó kù, Ramu àti Birju, ni wọ́n ń fi ọrùn fa ohun ìtúlẹ̀ tó jẹ́ pé màlúù ló yẹ kó máa fà á. Nígbà tí àwọn ará abúlé di ẹrù pé àwọn yóò ṣí lọ, Radha ló rọ̀ wọ́n tí wọ́n fi padà.

Birju, tí Sunil Dutt ṣe nígbà tó dàgbà, kò gbàgbé ohun tí ojú ìyá rẹ̀ rí. Ẹ̀gbà ọwọ́ ìyá rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ olówó. Ibì kan wà nínú fíìmù náà tó jẹ́ pé, lójú tèmi, òun ni ọkàn rẹ̀. Birju mú ìwé gbèsè Sukhilala, ó ṣí i, ó ń wò ó. Kò rí nǹkan kan. Gbogbo òógùn ìdílé rẹ̀, ìkórè ọdún dé ọdún, ìtìjú baba rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà lójú ìwé náà, kò sì lè ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé e pé ìwé tí òun kò lè kà ni wọ́n fi de àwọn.

Mo ti ronú gan-an lórí ibi yìí. Akọ̀wé lè kọ̀wé nípa àìmọ̀wé, yóò sì kọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti jókòó níwájú àdéhùn tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ bá a kà á, irú rẹ̀ mọ bí ó ti í rí nínú ara. Mo gbà pé Mehboob fi ojú ara rẹ̀ wo ìwé Sukhilala. Ìdí nìyẹn tí kò fi jẹ́ kí fíìmù rẹ̀ dà bí ìwé náà. Ó ṣe é lọ́nà tó jẹ́ pé aláìmọ̀wé lè kà á: àpáta lórí apá, okùn lọ́rùn ìyá, ẹ̀gbà ọwọ́ nínú àpótí olówó. Aláìmọ̀wé ará Kánò kà á. Aláìmọ̀wé ará Ìbàdàn kà á.

Birju di ìgárá. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó Rupa, ọmọ Sukhilala, ó wá pa olówó náà, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ sórí ẹṣin láti jí i lọ. Radha dúró lọ́nà pẹ̀lú ìbọn. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ba ọmọbìnrin abúlé jẹ́, ìbáà jẹ́ ọmọ ọ̀tá rẹ̀. Ó kìlọ̀ fún Birju, Birju kò gbọ́. Ó yìnbọn lu ọmọ bíbí inú rẹ̀, ọmọ náà sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá gbọ́ èyí ní ilẹ̀ wa yóò rántí Mọremí, tó fi Olúorogbo san ẹ̀jẹ́ fún odò Ẹsìnmìnrìn nítorí Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò rí bákan náà. Òrìṣà ló bèèrè ọmọ lọ́wọ́ Mọremí, bí ìtàn ti wí. Kò sí ẹni tó bèèrè ti Radha. Òun fúnra rẹ̀ ló dájọ́, òun ló sì mú ìdájọ́ náà ṣẹ.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn láti ṣe. Nígbà tí wọ́n ń ya ibi tí iná ti ń jó koríko ní abúlé kan ní Gujarat, iná gidi ká Nargis mọ́. Sunil Dutt fò wọ inú iná, ó gbé e jáde, iná sì jó òun náà. Àwọn méjèèjì fẹ́ ara wọn ní ọdún 1958. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1957 ni fíìmù náà jáde. Ní ọdún 1958, òun ni fíìmù Íńdíà àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn mọ́ àwọn tí wọ́n ń gbé yẹ̀ wò fún ẹ̀bùn Oscar ní Amẹ́ríkà fún fíìmù ilẹ̀ òkèèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fíìmù Fellini ará Ítálì ló gbà á níkẹyìn.

Ibi Tí Èmi àti Mehboob Ti Yà

N kò fẹ́ kọ ìtàn yìí bí ẹni ń kọ oríkì. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń kọ mí lóminú nínú iṣẹ́ ọkùnrin yìí, mo sì gbà pé ó yẹ kí á sọ ọ́, pàápàá láàrin àwa tó fẹ́ràn láti máa sọ pé ìyá ni wúrà.

Ẹ wo bí ẹrù ṣe pín nínú Mother India. Ìyá ọkọ ló yáwó. Àwọn àgbà ló dájọ́ tí kò tọ́. Bẹ́ẹ̀, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọkọ ló sá lọ. Ta ló wá ru gbogbo rẹ̀? Radha ni. Bó ti ń rù ú tó, bẹ́ẹ̀ ni à ń pàtẹ́wọ́ fún un tó. Ní Andaz pẹ̀lú, obìnrin tó bá ọkùnrin ṣe ọ̀rẹ́ láìní ète mìíràn lọ́kàn ni ìtàn náà fi ẹ̀wọ̀n parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé bí Mehboob bá fẹ́ yẹ́ obìnrin sí, ohun tó kọ́kọ́ ń wá ni ìyà tí yóò fi jẹ ẹ́. Ìyìn fún ìfaradà ìyá lè di ẹrù mìíràn lé ìyá lórí. Nígbà tí a bá ti ní ìyá ò lè ṣubú, kò sí ẹni tí yóò ràn án lẹ́rù mọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé ayé ló rí bẹ́ẹ̀, pé ohun tó rí ló yà. Òótọ́ wà níbẹ̀. Mehboob kò fi ojú ẹnikẹ́ni pa mọ́: ó fi olówó hàn, ó fi àwọn àgbà hàn, ó fi ọkọ tó sá hàn. Kò sọ fún wa pé àmúwá Ọlọ́run ni òṣì Radha. Ó jẹ́ kí á rí ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àti ẹni tó jókòó tì í. Fún ìdí èyí, mo gbà pé fíìmù náà gbọ́n ju ìyìn tí à ń kì í lọ. Ẹkún tí à ń sun fún ìyá ni kì í jẹ́ kí á bèèrè ẹjọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ta á.

Ìgbẹ̀yìn Ayé Rẹ̀

Ọmọ kékeré kan wà tó ṣe Birju nígbà tó wà ní èwe. Sajid Khan ni orúkọ rẹ̀, láàrin àwọn mẹ̀kúnnù Bombay ni wọ́n sì ti rí i. Mehboob gbà á ṣọmọ, ó sì tọ́ ọ. Ní ọdún 1962, ó fi ọmọ náà ṣe olú-ẹ̀dá-ìtàn fíìmù rẹ̀ tó gbẹ̀yìn, Son of India. Àwọn òǹwòran kò gba èyí tọwọ́-tẹsẹ̀ bí ti ìṣáájú. Ní ọdún 1963, ìjọba Íńdíà fún Mehboob ní oyè Padma Shri.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 1964, Jawaharlal Nehru, olórí ìjọba Íńdíà láti ìgbà òmìnira, kú. Ní ọjọ́ kejì, Mehboob Khan náà kú ní Bombay. Gbogbo orílẹ̀-èdè ń ṣọ̀fọ̀ olórí wọn lọ́wọ́, ariwo ikú ńlá sì bo ti kékeré mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èrò ẹ̀yìn àtijọ́ náà ṣe kọjá lọ, láàrin èrò.

Ẹ̀kọ́ Wo Ló Wà Níbẹ̀ fún Wa?

Mo máa ń gbọ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa máa fi fíìmù Íńdíà ṣe ẹ̀fẹ̀: pé orin pọ̀ jù, pé ijó pọ̀ jù, pé ẹkún pọ̀ jù. Bí orin àti ijó bá ba eré jẹ́, kí ni a ó wí nípa eré àwọn alárìnjó wa, tó jẹ́ pé orin ni wọ́n fi ń wọlé, orin ni wọ́n sì fi ń jáde? Kí ni a ó wí nípa Àjàní Ògún, tí Ola Balogun darí tí Adé Love sì ṣeré nínú rẹ̀ ní ọdún 1976, tí orin kún inú rẹ̀? Àwọn tó ń sọ ìtàn fún ẹni tí kò kàwé mọ ìdí tí wọ́n fi ń kọrin. Ohun tí a bá fi orin sọ, ó ń bá èèyàn délé.

Ẹ̀kọ́ kejì ló wúwo jù. Àwa tí à ń ka ìwé yìí, akọ̀wé ni wá tàbí ẹni tó ń di akọ̀wé lọ́la. Ẹ jẹ́ kí á rántí pé nínú Mother India, Sukhilala náà mọ̀wé. Òun gan-an ló mọ̀wé jù nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ gbèsè náà kàn, ìmọ̀ rẹ̀ ló sì fi jẹ wọ́n run. Ìwé mímọ̀ nìkan kò sọ ènìyàn di ọmọlúàbí. Títí di òní olónìí, a ṣì ní àwọn èèyàn nílé tó ń tẹ̀ka sí ìwé tí wọn kò lè kà: ìwé ilẹ̀, ìwé owó yíyá, ìwé àdéhùn iṣẹ́. Bí wọ́n bá pè wá pé kí á wá bá wọn wò ó, iṣẹ́ wa nìyẹn. Bí wọn kò bá sì pè wá, kí á bèèrè. Kíkọ́ tí à ń kọ́ èdè Yorùbá kò gbọdọ̀ parí sí yàrá ìdánwò nìkan. Ó yẹ kí á lè fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé wọ̀nyẹn fún àwọn ìyá àti bàbá wa ní èdè tó yé wọn, kí wọ́n tó fi ìka bọ tàdáwà.

Mehboob Khan kò kàwé, kò sì fi èyí ṣe ìgbéraga. Ó wá àwọn tó mọ̀wé, ó bá wọn ṣiṣẹ́, ohun tí wọ́n jọ ṣe sì kọjá odò, ó kọjá òkun, ó dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí tó kù sọ́wọ́ àwa tó kàwé ni kí á má ṣe jẹ́ Sukhilala fún ẹnikẹ́ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi mọ nìyẹn.